Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Káàdì Súpámákẹ́ẹ̀tì Láìjẹ́ Kí Káàdì Náà Jẹ Owó Yín

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ẹ bá ń gbé ní Kabba, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́jà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bi yín rí níbi tí ẹ ti fẹ́ sanwó pé, "Ṣé ẹ ní káàdì wa?" Káàdì yẹn, tàbí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ káàdì, ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: póìǹtì, kúpọ́ọ̀nù, "ra méjì gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́", "ra ọjà ₦30,000 kí o gba ẹ̀dínwó". Mi ò ní kí ẹ má gbà á. Èmi náà ní káàdì, mo sì ń lò ó. Àmọ́ ẹni tó gbé ẹ̀bùn wọ̀nyí kalẹ̀ ti ṣírò iye tó fẹ́ kí ẹ fi kún ohun tí ẹ máa ń ná kó tó kéde rẹ̀ fún yín. Ó yẹ kí ẹ̀yin náà ti ṣírò tiyín kí ẹ tó nawọ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí mo mọ irú owó tí à ń ná. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana, ìyá tó ń ta gààrì tó sì ń tọ́ ọmọ mẹ́ta: gbogbo wa la mọ bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ṣe ń rí, a sì mọ bí ìparí rẹ̀ ṣe ń rí. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà bá wọnú bísíkíìtì àti òórùn dídùn inú agolo tí kò sí nínú ètò, gààsì ìdáná tàbí owó ọkọ̀ àwọn ọmọ ló máa san án.

Ẹ mọ iye tí ẹ máa ń ná kí ẹ tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fún yín

Ẹ kó gbogbo rìsíìtì oṣù kan jọ. Ẹ ya fọ́tò wọn sórí fóònù, torí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sórí rìsíìtì òde òní tètè máa ń ṣá. Bí ẹ bá ń fi POS tàbí transfer sanwó, alẹ́ẹ̀tì báǹkì yín á ràn yín lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí iye ìgbà tí ẹ lọ sí ilé ìtajà náà. Ká ní ₦24,000 ni ẹ rí i pé ẹ máa ń ná lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí ẹ ti lè tètè rí i.

Ìdí tí iye yìí fi ṣe kókó ni pé àwọn náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà yín níbi ìsanwó ni kọ̀ǹpútà wọn ń kọ ohun tí ẹ rà, ọjọ́ tí ẹ rà á àti iye tí ẹ san. Ontajà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń ná nǹkan bíi ₦24,000 kò ní ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá ra ọjà ₦20,000. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń fún yín lówó lórí ohun tí ẹ ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì ní rí nǹkan kan jèrè. ₦30,000 ló máa fi í sí. Kò jìnnà débi tí ẹ ó fi sọ pé agbára yín kò ká a, kò sì súnmọ́ débi tí ẹ ó fi dé ibẹ̀ láìmú nǹkan kún un.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1995 ni Tesco, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan, gbé káàdì póìǹtì rẹ̀ tó ń jẹ́ Clubcard jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dunnhumby ló sì bá wọn tú ohun tí èèyàn ń rà palẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ irú kúpọ́ọ̀nù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí irú ilé wo. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tó wà ní London, wọ́n á sọ fún yín bí kúpọ́ọ̀nù ṣe máa ń mọ ohun tó wà nílé wọn. Ohun tí àwọn ilé ìtajà wa náà ń kọ́ nìyẹn.

Ẹ sọ póìǹtì di náírà

Póìǹtì 500 dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi póìǹtì gbé gààrì lọ́jà. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Èkíní: náírà mélòó ni mo máa ná kí n tó rí póìǹtì kan? Èkejì: bí mo bá fẹ́ ná póìǹtì kan, náírà mélòó ni yóò jẹ́?

Ká sọ pé ₦200 ló ń bí póìǹtì kan, tí póìǹtì kan sì jẹ́ ₦1. Ẹni tó bá ra ọjà ₦100,000 yóò gba póìǹtì 500, ìyẹn ₦500. Kóbọ̀ 50 lórí ₦100 nìyẹn. Ní Tesco tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, £1 tí èèyàn bá ná ń mú póìǹtì kan wá, bí póìǹtì bá sì pé 150, wọ́n á sọ ọ́ di kúpọ́ọ̀nù £1.50. Pẹ́nì kan lórí pọ́n-ùn kan ni, ilé ìtajà tó wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé sì nìyẹn. Ẹ má retí pé súpámákẹ́ẹ̀tì àdúgbò yín máa fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ wá fi iye yẹn wé iye ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Páálí ìndómìì kan tó fi ₦300 wọ́n ju ti ìsọ̀ tó wà nítòsí gáréèjì lọ ti gbé gbogbo póìǹtì tí ọjà ₦60,000 máa mú wá fún yín lọ. Páálí kan ṣoṣo! Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé iye tó wà lára ọjà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wo póìǹtì rárá.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tún béèrè ọjọ́ tí póìǹtì máa kú, àti ọjà tí wọn kì í fún èèyàn ní póìǹtì lórí rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ àwọn ọjà tí èrè wọn kò pọ̀ kúrò, bí àpò ìrẹsì àti káàdì ìpè, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn gan-an ló ń gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Mọ̀pà tàbí Ayétòrò lọ sí Lọ́kọ́jà, tàbí tí ẹ ń ti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ilọrin, owó ọkọ̀ wà lára iye ọjà. Bí ẹ bá ní nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí ẹ rìn tìtorí kí póìǹtì má bàa kú kò lè mú èrè wá, bó ti wù kí ẹ ṣírò ọ́.

Ẹ má fi ₦6,000 lé ₦1,500

Ibí yìí ni owó ti ń bọ́ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ wà lórí ìlà. Ọjà yín jẹ́ ₦24,000. Ọmọbìnrin tó ń gba owó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, ó ku ₦6,000 péré tí ẹ ó fi gba ẹ̀dínwó ₦1,500 o. Ẹ ò ní mú nǹkan kún un ni?" Èèyàn mẹ́rin wà lẹ́yìn yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín gan-an ni wọ́n to ṣokoléètì, bátìrì àti ohun ìpara ètè sí. Ẹ ò ní àyè láti ronú, ọwọ́ á kàn nà ni.

Èsì tó yẹ kò gùn: "Ọmọ mi, o ṣeun, bá mi ṣírò èyí tó wà nílẹ̀." Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò ṣẹ̀ yín, ohun tí wọ́n ní kó máa sọ ló sọ, ẹ má sì bínú sí i.

Ẹ wá wo ìṣirò náà. Bí ẹ bá san ₦24,000 tí ẹ sì lọ, ₦24,000 ló jáde lápò yín. Bí ẹ bá fi ₦6,000 kún un tí wọ́n sì yọ ₦1,500, ₦28,500 ló jáde. Wọ́n sọ fún yín pé ẹ jèrè ₦1,500, bẹ́ẹ̀ ₦4,500 ló kúrò lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ṣe pinnu lọ.

Ìgbà kan wà tó máa dára. Bí ohun tí ẹ fi kún un bá jẹ́ nǹkan tí ẹ máa rà láàárín oṣù yẹn lọ́nàkọnà, tí kì í bàjẹ́, tí owó tí ẹ fi rà á kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè é, ẹ ti jèrè ₦1,500 lóòótọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ, òróró, iyọ̀, tòmátì inú agolo, páádì, ọṣẹ ìfọyín: irú wọn nìyẹn. Búrẹ́dì kò sí níbẹ̀, yógọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ìwé méjì kí n tó kúrò nílé. Ti àkọ́kọ́ ni ohun tí mo fẹ́ rà lónìí. Ti ìkejì ni ohun tó máa tán láìpẹ́: "ọṣẹ ku ọ̀kan, òróró ti dé ìsàlẹ̀ ike." Bí ẹ̀dínwó bá yọjú, inú ìwé kejì yẹn ni mo ti máa ń mú un. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè pé iye tí wọ́n ń béèrè, mo ti gbàgbé ẹ̀dínwó náà.

Ẹ tún kíyè sí irú ẹ̀dínwó tí wọn kì í yọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fún yín ní kúpọ́ọ̀nù ₦1,500 tó jẹ́ pé ìgbà mìíràn ni ẹ máa lò ó, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹ bá tún ra ọjà tó tó ₦20,000. Ìpè ni wọ́n fi pè yín padà yẹn. Lónìí, ₦30,000 gbáko ni ẹ san. Bí ẹ kò bá ní nǹkan ₦20,000 tí ẹ fẹ́ rà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, bébà lásán ni kúpọ́ọ̀nù náà. Ẹ má fi sínú pọ́ọ̀sì níbi tí yóò ti máa rán yín létí.

Àwa Yorùbá sì ní ọ̀nà kan tí ẹ̀dínwó oníye bẹ́ẹ̀ fi lè ṣe wá láǹfààní gidi, torí àti dá owó jọ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ kó ara yín jọ. Ká ní ẹ̀yin ará ilé mẹ́ta tàbí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mẹ́ta ni: ẹnì kan fẹ́ ra ọjà ₦12,000, ẹnì kejì ₦10,000, ẹnì kẹta ₦8,000. Kò sí èyí tó lè dé ₦30,000 nínú yín láìfi owó ṣòfò. Ẹ fi ìwé yín pọ̀, kí ẹnì kan bá yín rà á lórí rìsíìtì kan. ₦1,500 tí wọ́n yọ, ẹ pín in bí owó yín ṣe pọ̀ tó: ₦600, ₦500, ₦400. Kò sẹ́ni tó ra ohun tí kò fẹ́.

Kí ìjà má bàa wọ̀ ọ́, ẹ gba owó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kí ẹni tó ń lọ tó kúrò nílé. Ẹ kọ orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, nítorí "mílíìkì kan" lè di agolo kékeré, ó sì lè di ńlá. Ẹ fẹnu kò nípa ẹni tó ni póìǹtì. Ẹni tó bá lọ sọ́jà ni mo máa ń sọ pé kó ni ín, torí òun ló rin ìrìn náà. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì sójú ìwé WhatsApp yín kí gbogbo yín lè rí i.

Àsìkò Kérésì gba ìṣọ́ra ju ìgbà yòókù lọ. Àwọn ọmọ wa á ti dé láti Èkó àti Àbújá, owó á pọ̀ nígboro, àwọn ilé ìtajà á sì gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn aláràbarà jáde. Ẹ tú apẹ̀rẹ̀ náà wò lójú, ẹ ro iye ọjà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé apẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rá dídán ló kó púpọ̀ nínú owó náà, ẹ lọ ra àwọn nǹkan inú rẹ̀ kí ẹ fi apẹ̀rẹ̀ ilé dì í.

Káàdì òǹtẹ̀, àti ipò tó ń ga sí i

"Ra búrẹ́dì mẹ́wàá, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n á máa lu òǹtẹ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń ra búrẹ́dì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbà á, èrè ni. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe sí ọkàn.

Àwọn olùwádìí méjì, Joseph Nunes àti Xavier Drèze, ṣe àyẹ̀wò kan ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Káàdì 300 ni wọ́n pín. Ìdajì káàdì náà ní ojú òǹtẹ̀ mẹ́jọ, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìdajì tó kù ní ojú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu òǹtẹ̀ méjì sí i fún oníbàárà. Ẹ kà á dáadáa: ìgbà mẹ́jọ ni ẹni kọ̀ọ̀kan máa fọ ọkọ̀ kó tó rí ẹ̀bùn. Síbẹ̀, ìdá 19 nínú 100 ló parí káàdì ti àkọ́kọ́, ìdá 34 nínú 100 ló sì parí ti ìkejì. Òǹtẹ̀ méjì tí kò náni ní nǹkan kan ló mú kí wọ́n máa padà wá. Lọ́dún kan náà, Ran Kivetz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ń ra kọfí pẹ̀lú irú káàdì bẹ́ẹ̀ máa ń yára rà á sí i bí òǹtẹ̀ bá ti ń súnmọ́ kó pé.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ pé, "A ti fún yín ní póìǹtì 200 láti fi bẹ̀rẹ̀," ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì ku òǹtẹ̀ méjì tí káàdì yín máa pé, ẹ fi ọwọ́ bo àwọn òǹtẹ̀ tó ti wà níbẹ̀, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa ra nǹkan yìí lónìí ká ní káàdì òfìfo ni. Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Bákan náà ni ti ipò: Silver, Gold, àti irú wọn. Ẹni tó bá ná iye báyìí lóṣù yóò bọ́ sí ipò kejì, bí kò bá sì ná an lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á dá a padà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ilé yín ń jẹ pinnu ipò yín, ẹ má sì ná kóbọ̀ kan láti dúró sí Gold.

Ẹ fi ìwọ̀n pín iye

Ẹ̀dínwó oníkáàdì sábà máa ń wà lórí agolo ńlá, torí a gbà pé ńlá ló máa ń pọ́ọ́kú. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ ká fi mílíìkì ṣe àpẹẹrẹ. Oníláílọ́ọ̀nù gíráàmù 350 jẹ́ ₦4,550. Alágolo gíráàmù 800, pẹ̀lú ẹ̀dínwó káàdì, jẹ́ ₦11,200. Ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù. ₦4,550 pín sí 3.5 jẹ́ ₦1,300 fún gíráàmù 100. ₦11,200 pín sí 8 jẹ́ ₦1,400. Oníláílọ́ọ̀nù ló pọ́ọ́kú, tòun ti ẹ̀dínwó tí wọ́n kọ gàdàgbà sára agolo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún "mẹ́ta ní ₦2,000". Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ₦650, mẹ́ta jẹ́ ₦1,950, ẹ ti fi ₦50 lé e. Fún "ra méjì gba ẹ̀kẹta", ẹ yí ìdí rẹ̀ padà kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Nígbà mìíràn, ọjà tí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ti súnmọ́ ni wọ́n máa ń fi ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀. Bí ilé yín bá lè jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹyọ méjì ni ẹ fi owó rà, ẹ̀kẹta ààtàn ló máa gbà á.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀dínwó. Ní November 2024, CMA, àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí nǹkan bí ọjà 50,000 tí wọ́n ń tà ní iye oníkáàdì. Ìdá 92 nínú 100 ló jẹ́ ẹ̀dínwó tòótọ́ sí iye tí ilé ìtajà náà máa ń tà á tẹ́lẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún kìlọ̀ pé iye oníkáàdì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú jù, torí ilé ìtajà mìíràn lè tà á ní iye tó wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí káàdì bá ti ń dín iye ohun tí ẹ fẹ́ rà kù lójú ẹsẹ̀, tí káàdì náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ gbé káàdì kalẹ̀ láìrojú.

Ní tiwa níbí, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ibòmíràn yẹn. Iṣu, gààrì, èlùbọ́, ẹ̀wà, ata, epo pupa: mi ò tíì rí káàdì tó lè mú kí ó wúlò láti rà wọ́n nínú súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìyá tó ń wọn ẹ̀wà fún yín ní kóńgò á bu èènì lé e, kò ní béèrè nọ́ńbà fóònù yín, kò sì ní sọ pé ẹ kọ́kọ́ ra kóńgò mẹ́wàá ná. Bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀ tó pẹ́, ó tún lè tà yín láwìn lọ́jọ́ tí owó oṣù bá pẹ́. Ẹ ka ìyẹn mọ́ èrè nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò.

Nínú ìsọ̀: agbọ̀n ni kí ẹ mú

Ní 1937, Sylvan Goldman, ọkùnrin kan tó ní ilé ìtajà ní Oklahoma City, ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn máa ń dáwọ́ ọjà rírà dúró bí agbọ̀n bá ti wúwo lọ́wọ́ wọn. Ó bá ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa tì. Ẹ lo àkíyèsí rẹ̀ fún ara yín: bí ohun tí ẹ fẹ́ rà kò bá pọ̀, ẹ mú agbọ̀n ọlọ́wọ́, kí ọwọ́ tó ń ro yín lè rán yín létí. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Bí àwọn ọmọ kéékèèké bá lè dúró sílé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, torí ibi tí ojú wọn mọ ni wọ́n máa ń to súìtì sí.

Nọ́ńbà yín

Kí ẹ tó fún wọn ní nọ́ńbà, orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ẹ mọ̀ pé ohun tó níye lórí ni ẹ fún wọn. Nọ́ńbà àti orúkọ ti tó. Kò pọn dandan kí ẹ kọ àdírẹ́sì ilé tàbí iye ọmọ, bó bá tiẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi ìsọfúnni yín ṣe, láti ní kí wọ́n pa á rẹ́, àti láti kọ̀ kí wọ́n má fi polówó ọjà fún yín mọ́. Ẹ lè gba káàdì kí ẹ má sì gba ìpolówó.

Àtẹ̀jíṣẹ́ "Òní nìkan! Póìǹtì ìlọ́po méjì!" ló máa ń gbé èèyàn dìde lórí ìjókòó. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ilé ìtajà náà pé kí wọ́n yọ yín kúrò. Fún àwọn ìpolówó mìíràn tó ń wọlé láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ tẹ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ètò tí NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, là kalẹ̀ fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún máa wọlé, ẹ tẹ ALLOW sí nọ́ńbà kan náà.

Kí ẹ tó kúrò níbi ìsanwó

Ẹ dúró ka rìsíìtì. Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ráyè, kí ẹ sì wo ohun mẹ́ta: ṣé iye tó wà lára pẹpẹ ni wọ́n kọ, ṣé wọ́n yọ ẹ̀dínwó náà, ṣé póìǹtì wọlé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti lẹ iye tuntun mọ́ pẹpẹ tí kọ̀ǹpútà kò tíì gbọ́, tàbí kí ẹ̀dínwó ti parí lánàá tí bébà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Bí ọjà kan bá ní ẹ̀dínwó tó jọjú, ẹ ya fọ́tò iye tó wà lára pẹpẹ kí ẹ tó gbé e.

Òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ontajà gbọ́dọ̀ fi iye ọjà hàn, kò sì gbọ́dọ̀ gba ju iye tó fi hàn lọ. Òfin náà kò fàyè gba kí wọ́n fi ìpolówó irọ́ tan èèyàn. Nítorí náà, bí iye bá yàtọ̀, ẹ má kàn mí kanlẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ fi fọ́tò han ẹni tó ń gba owó, kí ẹ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ₦2,800 ló wà lára pẹpẹ, ₦3,150 lẹ kọ síbí." Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, ẹ ní kó pe máníjà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń parí, torí kò sí ontajà tó fẹ́ kí ariwo pọ̀ nísọ̀ òun. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọjọ́, àkókò, orúkọ ọjà àti iye méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi í pẹ̀lú fọ́tò àti rìsíìtì ránṣẹ́ sí FCCPC. Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Kabba tàbí Ẹ̀gbẹ̀ láìwọ ọkọ̀. Ẹ má ju rìsíìtì náà nù títí wọ́n á fi dá yín lóhùn.